Nígbà Tí Aláàmù Bá Ń Ké Láìsí Olè

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí ohun kan tó ti wọ ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa: agogo ìdágìrì tí a fi ń ṣọ́ ilé nítorí olè, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní aláàmù. Kì í ṣe bí a ṣe ń rà á ni a fẹ́ sọ. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ni bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀ nígbà tó bá ń ké tí olè kò sí, tàbí nígbà tó bá dákẹ́ nígbà tó yẹ kó ké. Ohun tó mú wa yan ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí wa. Àárín wa níbí ló ti ṣẹlẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Akápò ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà lábẹ́ àjọ wa fi aláàmù sí ilé rẹ̀. Ó ní ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá dá ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé máa ń sùn lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kó tó dé báńkì. Fún ọdún 3 gbáko, aláàmù náà kò dá wàhálà kankan sílẹ̀. Nígbà tí òjò ọdún kẹrin dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké lóru.

Lóru àkọ́kọ́, gbogbo àdúgbò jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti igi. Wọn kò rí ẹnikẹ́ni. Akápò bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kò tó nǹkan, pé ohun tó ṣe é lè ṣe àwọn náà. Lóru kejì, bí ìdajì wọn ló jáde. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ọlọ́dẹ àdúgbò nìkan ló wá, òun pàápàá kò sì wọlé. Ẹnu géètì ló dúró sí, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa nǹkan yín o, àwọn ọmọdé ń sùn."

Akápò wa kò káwọ́ gbera. Ó pe ẹnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ iná. Ẹni náà ní ojú aláàmù tó ń wo pálọ̀ ló bàjẹ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó tún ké. Wọ́n pààrọ̀ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tún ké. Nígbà tí owó tán lápò rẹ̀, tí ojú sì ń tì í láàárín àwọn aládùúgbò, ó ní kí wọ́n bá òun pa gbogbo rẹ̀. Wọ́n sì pa á.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà, ní òru ọjọ́ Àìkú mọ́jú ọjọ́ Ajé, olè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. A dúpẹ́ pé wọn kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n kó owó ìpàdé lọ: owó àwọn alátà, owó àwọn télọ̀, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà sì burú ju ti owó lọ. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìgbà tí aláàmù dákẹ́ gan-an ni olè wá. Ọkùnrin tó ti fi òtítọ́ ṣe akápò fún ọdún 11 di ẹni tí a ń fi ojú mìíràn wò.

Nítorí náà ni ẹgbẹ́ ṣe ní kí àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, kí a wá ìdí rẹ̀. A bá oníṣẹ́ aláàmù kan tó mọṣẹ́ dáadáa ṣe é, ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn lábẹ́ àjọ wa ni. Ohun tí a kọ́ níbẹ̀ ni a fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́. A ó sọ ohun tí a rí nílé akápò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ohun tí aláàmù jẹ́.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ALÁÀMÙ

Aláàmù kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1853 ni Augustus Pope, ará Massachusetts ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí agogo tó ń fi iná mànàmáná ké bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé. Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ kò tíì yí padà púpọ̀ títí di òní. Bí a bá ṣí aláàmù ilé wò, nǹkan méje ni a ó bá pàdé:

1. Àpótí, tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀. Òun ló ń gba ìròyìn, òun ló sì ń pàṣẹ.
2. Pátákó nọ́ńbà, tó máa ń wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, tí a fi ń ṣí i tí a sì fi ń tì í.
3. Òòfà ilẹ̀kùn. Ọ̀nà méjì ni: òòfà wà lára ilẹ̀kùn, èkejì tó ń gbọ́ òòfà wà lára férémù. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, wọ́n jìnnà síra, àpótí á sì mọ̀.
4. Ojú aláàmù, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Kì í rí ènìyàn bí ojú tiwa ṣe ń rí i. Ooru ara tó ń lọ láti ibì kan dé ibòmíràn nínú yàrá ló máa ń mọ̀.
5. Wáyà tó so gbogbo wọn mọ́ àpótí. A máa ń pín ilé sí ẹ̀ka ẹ̀ka, tí wọ́n ń pè ní sóònù, kí àpótí lè sọ ibi tí ariwo ti wá.
6. Fèrè tó ń ké.
7. Bátìrì, tó ń gbé gbogbo rẹ̀ dúró nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Kò sí ọ̀kan nínú méjèèje yìí tí kò lè fa igbe òfo. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a máa méfò.

KÍ A TÓ FỌWỌ́ KAN OHUNKÓHUN

Èkíní, bí aláàmù bá ké, kí a kọ́kọ́ gbà pé olè ni. Bó bá ti ké lásán ní ìgbà mẹ́sàn-án, kí a má ṣe tìtorí rẹ̀ jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní ìgbà kẹwàá. Kí a wò láti ojú fèrèsé, kí a fi tẹlifóònù pe aládùúgbò, kí a má sì dá nìkan jáde sínú òkùnkùn.

Èkejì, kí a tó dán an wò, kí a sọ fún àwọn aládùúgbò àti ọlọ́dẹ. Ojú mọmọ ni kí a ṣe é. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń bá wa ṣọ́ aláàmù náà láti òkèèrè, kí a sọ fún àwọn náà.

Ẹ̀kẹta, iná tó wọ inú àpótí láti ara ògiri lè pa ènìyàn. Ibi tí iná ilé ti wọ tiransifọ́mà kékeré inú àpótí, oníṣẹ́ iná nìkan ni kó fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn tó bá ti pa iná rẹ̀. Wáyà tó lọ sí ojú àti sí ilẹ̀kùn kò ní agbára bẹ́ẹ̀, nítorí pé fóòtì 12 péré ló ń gbé.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe pààrọ̀ ohunkóhun kí a tó mọ ìdí. Bó bá sì di dandan kí a pààrọ̀, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ẹni tó bá pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta pa pọ̀ kò ní mọ èyí tó wo àìsàn náà sàn.

ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀

Àwa ẹlẹ́gbẹ́ mọ iyì ìwé. Owó tí a kò kọ sílẹ̀, ìjà ló ń dá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni igbe aláàmù. Kí a ra ìwé kékeré kan, kí a so bírò mọ́ ọn, kí a gbé e sí abẹ́ pátákó nọ́ńbà. Nígbàkigbà tó bá ké, kí a kọ ọjọ́, wákàtí, ẹ̀ka tí pátákó fi hàn, bóyá iná wà tàbí kò sí, bóyá òjò ń rọ̀ tàbí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àti ohun tí ara ilé ń ṣe lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àpótí máa ń pa orúkọ ẹ̀ka tó kọ́kọ́ ké mọ́ sínú. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó nù ún kúrò.

Bí ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà bá ti wà nínú ìwé náà, ìdí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Bó bá jẹ́ ìgbà tí iná bá lọ tàbí tó bá dé ló ń ké, kí a lọ síbi bátìrì àti fèrè. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn kan náà nígbà òjò tàbí ìjì, kí a lọ síbi òòfà. Bó bá jẹ́ ọ̀sán gangan nígbà tí oòrùn wọ yàrá, kí a lọ síbi ojú. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo láìní àsìkò, kí a wo wáyà. Bó bá sì jẹ́ ìgbà tí a bá ń wọlé tàbí tí a bá ń jáde, kí a wo ara wa.

BÁTÌRÌ

Bátìrì tó wọ́pọ̀ nínú àpótí aláàmù jẹ́ ti fóòtì 12, ohun tó lè pa mọ́ sì jẹ́ áńpíà 7 fún wákàtí kan. Kò sí ohun tí bátìrì yìí jọ tó ìwé ìfowópamọ́ wa. Nígbà tí iná bá wà, àpótí ń san owó sí i. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, aláàmù ń yọ owó náà jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká sọ pé àpótí, pátákó nọ́ńbà àti ojú mẹ́rin jùmọ̀ ń fa iná 0.2 áńpíà. Bí iná kò bá sí fún wákàtí 20, wọ́n ti yọ 4 nínú 7 tó wà nípamọ́. Bí iná bá wá dé fún wákàtí 4 péré, tí àpótí sì ń dá 0.35 áńpíà padà, 1.4 ni wọ́n rí san. Ẹni tó ń yọ 4 lójoojúmọ́ tó ń san 1.4, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ìwé rẹ̀ ń lọ. Bátìrì tó bá sì ń wà lófìfo lójoojúmọ́ kì í pẹ́ kú. Lásán, ó lè lo ọdún 3 sí ọdún 5. Nínú ooru àti àìsí iná, kì í tó bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń dán an wò rèé. Nígbà tí iná bá wà, kí mítà fi nǹkan bíi 13.5 sí 13.8 hàn lórí bátìrì. Bí kò bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí iná ti wà fún ọjọ́ kan, ó lè jẹ́ bátìrì, ó sì lè jẹ́ àpótí ni kò san owó sí i. Lẹ́yìn èyí, kí a pa iná tó lọ sí àpótí, kí a máa wo mítà fún wákàtí kan. Bátìrì tó yè yóò rọra wálẹ̀ díẹ̀, yóò sì dúró ní òkè 12. Èyí tó bá já wálẹ̀ sí 11 àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí yẹn ti di òkú. Bó bá sì ti wú ní ìhà méjèèjì, kò sí ohun tí a ń dán wò mọ́.

Bí a bá fi tuntun sí i, kí a kọ ọjọ́ sí ara rẹ̀. Kí a má ṣe jẹ́ kí irin kan orí méjèèjì pa pọ̀. Kí a má ju ògbólógbòó sórí ààtàn, kí a má sì jó o, nítorí òjé inú rẹ̀ májèlé ni. Ẹni tó tà á fún wa tàbí àwọn tó ń ra bátìrì àtijọ́ ni kí a kó o fún. Bí iná kì í bá dúró ládùúgbò wa, tí a sì ní ẹ̀rọ inverter nílé, kí oníṣẹ́ bá wa fa iná àpótí láti ara rẹ̀. Ṣíṣe bẹ́ẹ̀ sàn ju kí a máa ra bátìrì lọ́dọọdún.

FÈRÈ ÌTA

Ọ̀pọ̀ fèrè tó wà lára ògiri ìta ní bátìrì kékeré tirẹ̀ nínú. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé olè lè gé wáyà rẹ̀ kó tó wọlé. Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń wá láti inú àpótí, fèrè á dákẹ́. Bí iná náà bá dá pẹ́nrẹ́n, fèrè á gbà pé wọ́n ti gé wáyà òun, á sì fi bátìrì tirẹ̀ ké. Ọgbọ́n dáadáa ni. Ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín olè tó gé wáyà àti bátìrì àpótí tó kú. Bákan náà, bí ìdérí rẹ̀ bá tú tàbí tí omi òjò wọ inú rẹ̀, ó lè ké.

ILẸ̀KÙN

Igi máa ń wú nígbà òjò, ó máa ń sún kì nígbà ọyẹ́. Ìdè ilẹ̀kùn máa ń rọ̀. Òòfà tó sún mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ nígbà tí wọ́n kàn án lè ti jìnnà sí i báyìí. Kí a ti ilẹ̀kùn pa, kí a fi ọwọ́ mì í bí ìjì ṣe ń mì í, kí ẹnì kan máa wo pátákó nọ́ńbà. Bí ẹ̀ka náà bá ń ṣí tó ń tì, ibẹ̀ ni. Àlàfo tó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ yẹ ní wíwò. Kí a sún òòfà mọ́ ọn, kí a mú síkúrú ìdè le. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn irin, òòfà lásán kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára rẹ̀, nítorí irin ń fa agbára rẹ̀ lọ. Oríṣi èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀kùn irin wà lọ́jà.

OJÚ

Ooru tó ń rìn ni ojú ń wá. Nítorí náà, kí a má jẹ́ kó dojú kọ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, tàbí ibi tí ooru jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ sí. Kọ́tìnì tí afẹ́fẹ́ ń jù lẹ́bàá fèrèsé gbígbóná lè tàn án jẹ. Ológbò àti ajá náà lè tàn án jẹ. Nílé wa níhìn-ín, àwọn ọ̀tá rẹ̀ tó pọ̀ jù ni ọmọńlé, aláǹtakùn àti eèrà. Ọmọńlé tó bá rìn kọjá lójú rẹ̀ gan-an tóbi lójú rẹ̀ bí ènìyàn tó wà ní òpin yàrá. Kí a fi aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ nu ojú náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pàápàá nígbà ọyẹ́. Kí a má fi kẹrosíìnì nù ún, kí a má sì fín oògùn ẹ̀fọn sí i. Ihò tí wáyà gbà wọ inú rẹ̀, kí a dí i kí kòkòrò má lè wọlé.

WÁYÀ

Wáyà ló máa ń fún ni ní wàhálà jù, nítorí a kì í rí i. Eku ń jẹ ẹ́ lókè àjà. Ibi tí wọ́n ti lọ́ méjì pọ̀ láìjó o pọ̀ máa ń dípẹtà nígbà òjò. Bí ẹ̀ka kan bá ń ké láìnídìí, ọ̀nà tó yá jù ni kí a pín in sí méjì. Kí oníṣẹ́ yọ ìdajì tó jìnnà kúrò. Bó bá dákẹ́, ìdajì yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá ń ké síbẹ̀, ìdajì tó kù ni. Kí ó tún pín èyí tó ní àìsàn sí méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin báyìí, ó ti dé ojú ibẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Ọ̀pọ̀ àpótí ń fẹ́ kí rẹsísítọ̀ kékeré kan wà ní òpin wáyà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí àpótí lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá gé wáyà tàbí tó pa á pọ̀. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń fi í sínú àpótí níbi tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ̀ka náà yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa wáyà pọ̀ lójú ọ̀nà ti fọ́ ọ lójú, àpótí kò sì ní mọ̀. Ẹ bi oníṣẹ́ yín léèrè ibi tó fi í sí.

Ẹ̀ka tó ń ké lásán, a lè yọ ọ́ kúrò fún ọjọ́ díẹ̀ láti orí pátákó nọ́ńbà, kí àwọn yòókù máa ṣọ́ ilé lọ. Èyí sàn ju kí a pa gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a kọ ọjọ́ tí a óò dá a padà sínú ìwé.

ÀWA FÚNRA WA

Nígbà mìíràn, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ọmọ tó dé láti ilé-ìwé kò mọ nọ́ńbà. Àlejò lọ sí ẹ̀yìnkùlé lóru. Màmá àgbà ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò nígbà tí ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá tí a fi sílẹ̀ fún wíwọlé ti tán. Kí gbogbo ará ilé kọ́ ọ, kí a sì fi àyè tó tó sílẹ̀ fún àgbàlagbà tí kò lè yára.

OHUN TÍ A RÍ NÍLÉ AKÁPÒ

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ akápò, kò sí ìwé kankan tí a lè wò. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn aládùúgbò léèrè. Ìyá kan tó ń din àkàrà ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Ẹ̀yin kò ṣe wá bi mí látọjọ́ yìí? Bí wọ́n bá ti mú iná lọ lóru ni. Fáànù mi á dúró, ooru á jí mi. Bí mo bá tún fẹ́ sùn padà báyìí, agogo Bàbá á bẹ̀rẹ̀."

A sọ fún gbogbo àdúgbò pé a fẹ́ dán an wò. Oníṣẹ́ tún so ó pọ̀, ó fi mítà sí bátìrì àpótí, ó sì pa iná. Mítà ń sáré wálẹ̀ lójú wa. Kò tó ìṣẹ́jú 20 tí pátákó nọ́ńbà fi ṣókùnkùn, fèrè ìta sì figbe ta. Kò sí ẹni tó rìn nínú yàrá, kò sí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bátìrì tí wọ́n fi sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ṣì wà níbẹ̀, ó ti wú. Oníṣẹ́ fi tuntun sí i, ó tún pa iná. A jókòó fún wákàtí kan gbáko. Kò ké.

Ìdí tí kò fi ń ké lọ́sàn-án náà hàn. Ilé rẹ̀ kì í ṣófo lọ́sàn-án, kíá ni wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀ bí iná bá lọ, kí ìṣẹ́jú 20 náà tó pé. Lóru, wọn kì í tan án. Ìṣẹ́jú 20 yẹn náà ni kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná ni. Ìjì òjò ń mú iná lọ lóru, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìgbà òjò ló bẹ̀rẹ̀. Ojú méjì tí wọ́n rà kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Owó bátìrì kan kò tó owó ojú méjì náà.

Ní ìpàdé, a gbé bátìrì wíwú náà ka orí tábìlì, a sì ṣàlàyé. A ní olè kò nílò amí kankan nínú ilé, nítorí gbogbo àdúgbò ló gbọ́ nígbà tí aláàmù náà ń ké, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ nígbà tó dákẹ́. Ẹni tó ti sọ̀rọ̀ jù lẹ́yìn akápò ló kọ́kọ́ dìde tó bẹ̀ ẹ́. Ìpàdé náà sì fi ẹnu kò pé owó ẹgbẹ́ kò ní sùn nílé ẹnikẹ́ni mọ́. Láti ọjọ́ náà, olúkúlùkù ń san owó tirẹ̀ tààrà sí àpò ẹgbẹ́ ní báńkì. Aláàmù tó dára jù kò lè ṣe ohun tí ìpinnu yẹn ṣe.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ MÚ LỌ

Fèrè kì í mú olè. Ènìyàn tó bá jáde nígbà tí fèrè ké ló ń lé olè. Gbogbo igbe òfo ló ń yọ díẹ̀ kúrò nínú ohun tí àwọn aládùúgbò ti fi pamọ́ fún wa, ọjọ́ kan á sì dé tí kò ní ku nǹkan kan. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ìlú Salt Lake City ní Amẹ́ríkà, igbe òfo pọ̀ débi pé ní ọdún 2000, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ pinnu pé àwọn kò ní sáré lọ sílé tí aláàmù rẹ̀ ké mọ́, àfi bí ẹnì kan bá kọ́kọ́ lọ wò ó tó sì jẹ́rìí sí i pé ọ̀rọ̀ olè ni. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ níbi tí ọlọ́pàá ti ń gba owó oṣù fún un, kí ni a ó sọ nípa aládùúgbò tó kàn ń fi oorun rẹ̀ ṣe wá lóore?

Ẹ̀yin aládùúgbò náà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìyá alákàrà mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà ṣáájú gbogbo wa. Kò sọ ọ́, nítorí ẹnikẹ́ni kò bi í. Ẹ máa bi ara yín, ẹ sì máa sọ fún ara yín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Ta ló ní aláàmù nínú wa? Ọdún wo ni a fi bátìrì rẹ̀ sí i?
2. Wákàtí mélòó ni iná fi ń wà ládùúgbò wa lójúmọ́? Ẹ fi ṣe ìṣirò ohun tí aláàmù yín ń yọ àti ohun tí ó ń san.
3. Bí aláàmù aládùúgbò wa bá ké lálẹ́ òní, kí ni a ó ṣe? Ta ni a ó kọ́kọ́ pè?
4. Ǹjẹ́ owó ẹgbẹ́ wa ń sùn nílé ẹnikẹ́ni? Kí ni a lè ṣe sí i kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé?

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí akọ̀wé sì mú un wá sí ìpàdé àjọ. Ẹ kú ìmúra, ilé wa kò ní di ahoro o.